Kọ̀, Kọ, Kọ́

Ní ìpàdé tí mo kọ́kọ́ wá, mo fẹ́ sọ pé, "Mo ń kọ́ Yorùbá." Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Mo ń kọ̀ Yorùbá." Ẹ̀rín sọ! Èmi tí kì í ṣe ọmọ Yorùbá, mo pinnu pé mi ò ní wá mọ́.

Ìtàn Indra Devi ló dá mi padà. Ìlú Riga ni wọ́n bí i sí ní 1899. Ní 1927, ó lọ sí Íńdíà. Nígbà tó yá, ó bẹ Krishnamacharya ní Mysore pé kó kọ́ òun ní yógà, ẹ̀kọ́ tó ń tọ́ ara, èémí àti ọkàn. Bàbá kọ̀: obìnrin ni, àjèjì sì ni. Ọba Mysore ló bá a bẹ̀ ẹ́. Òfin oúnjẹ le, síbẹ̀ obìnrin náà kọ́ ọ. Bàbá yẹn kan náà ló wá ní kó máa kọ́ àwọn ẹlòmíì. Ó kọ́ wọn ní Shanghai, ó kọ́ wọn ní Hollywood, ó sì kọ ìwé.

Ẹ gbọ́ ohùn wọn: kọ̀ ni dò, kọ ni re, kọ́ ni mí. Inú kọ́ kan ṣoṣo ni akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ti wá.

Iṣẹ́ ṣíṣe: ẹ fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe gbólóhùn wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Èmi náà á wá. Mi ò kọ̀ ọ́ o, mo ń kọ́ ọ ni.