ÀPÓTÍ ÌMỌ̀: Àlàfo Tó Wà Nínú Èjìká

Aláboyún nìkan kọ́ ni síkáànì wà fún. Wọ́n ń fi í wọn àlàfo inú èjìká pẹ̀lú.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́: Ẹ̀rọ náà ń rán ìró wọnú ara. Etí èèyàn kì í gbọ́ ìró tó bá ti kọjá nǹkan bíi 20,000 Hertz. Èyí tí wọ́n ń lò fún èjìká sábà máa ń ju 7,000,000 lọ. Bí ìró bá kan eegun, á ta padà. Eegun á wá hàn bí ìlà funfun, òjìji dúdú á sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n: Ẹni náà á jókòó, á sọ apá sílẹ̀ wọ̀ọ̀. Wọ́n á fi jẹ́ẹ̀lì tútù pa á léjìká kí afẹ́fẹ́ má baà dí ìró lọ́nà. Wọ́n á fi àmì kan sí etí eegun òkè èjìká, òmíràn sí orí eegun apá. Ẹ̀rọ á sì ka mìlímítà tó wà láàárín méjèèjì.

Iye tó wọ́pọ̀: Lára àgbàlagbà tó lera, ó sábà máa ń wà láàárín mìlímítà 7 sí 14. Ibẹ̀ ni iṣan tó ń gbé apá sókè ń gbà kọjá. Bí àlàfo náà bá fún jù, dókítà lè fura pé iṣan ti ya. Bí a kò bá mọ iye ti ara líle, báwo la ṣe máa mọ ti aláìsàn?

Dán an wò: Fi ìka tẹ góńgó èjìká rẹ. Abẹ́ eegun líle yẹn gan-an ni àlàfo náà wà.