Ìjà Lórí Ìwé Ìtàn: Ọ̀rọ̀ Dé, Ohùn Kò Dé

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí lè ya àwọn àgbà inú wa lẹ́nu, nítorí pé ó kan ìtàn àròsọ. Àwọn ọmọ wa ń ka irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lórí fóònù, wọ́n sì ń bá ara wọn jiyàn lé e lórí, títí ọ̀rọ̀ yóò fi di èébú. Àwọn bàbá a máa béèrè pé, ta ló kú nínú ìtàn ọ̀hún tí ẹ fi ń jà? Ẹnì kankan lè má kú, síbẹ̀ ọ̀rẹ́ ti bà jẹ́, nígbà mìíràn àwọn òbí náà kì í kí ara wọn mọ́. Lójú tiwa, ohùn ló ń fa púpọ̀ nínú ìjà yìí ju ìtàn lọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀kan tí gbogbo ayé mọ̀. Obìnrin òǹkọ̀wé ará Ìlú Ọba kan, J. K. Rowling, kọ ìwé méje nípa ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Harry Potter. Èkíní jáde ní 1997, èkeje ní 2007. Harry ní ọ̀rẹ́ méjì, Ron ọkùnrin àti Hermione obìnrin. Kí ìtàn tó parí ni àwọn òǹkàwé ti pín sí méjì: àwọn kan ní Harry ni yóò fẹ́ Hermione, àwọn yòókù ní Ron ni. Wọ́n bá ara wọn fà á fún ọdún púpọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí ẹni pé àwọn ni ẹbí ìyàwó.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Keje 2005, ọjọ́ tí ìwé kẹfà jáde, àwọn olólùfẹ́ ìwé náà méjì, Emerson Spartz àti Melissa Anelli, lọ fi ọ̀rọ̀ wá Rowling lẹ́nu wò ní Edinburgh. Wọ́n kan ọ̀rọ̀ ìyàwó yìí. Spartz ní àwọn tó ń retí Harry àti Hermione ń tan ara wọn jẹ ni, bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú. Rowling rẹ́rìn-ín. Ó sọ pé òun kò ní pè wọ́n bẹ́ẹ̀, pé òǹkàwé tí òun kà sí ni wọ́n. Nínú yàrá yẹn, àwàdà ni. Nígbà tí a tẹ̀ ẹ́ jáde, àwọn tí ọ̀rọ̀ bá wí rí orúkọ burúkú tí a pè wọ́n, wọ́n sì ka ẹ̀rín obìnrin náà sí ẹ̀gàn. Ìbínú ru. Ní 2014, Rowling tún sọ fún Emma Watson, ẹni tó ṣe Hermione nínú fíìmù, pé nítorí ohun tó wu òun ni òun fi so Ron àti Hermione pọ̀. Ìjà tó ti sùn tún jí.

Ní 2005 kan náà, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Justin Kruger àti Nicholas Epley lára wọn, tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn sọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, àwọn kan tọkàntọkàn, àwọn kan pẹ̀lú ẹ̀fẹ̀, irú èyí tí a fi ń yin ènìyàn tí a ń bú u. Àwọn tó fi í ránṣẹ́ rò pé bí 78 nínú 100 ni yóò yé ẹni tó gbà á. Àwọn tó gbọ́ ọ pẹ̀lú ohùn mọ 73. Àwọn tó kà á nínú ìwé mọ 56. Ẹ rántí pé ẹni tó dijú, tó kàn ń mú ọ̀kan nínú méjì, lè rí 50. Ẹni tó ń kọ̀wé ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú orí, ó sì rò pé ohùn náà bá ìwé lọ.

Ta ni kò mọ èyí nínú wa? Bí ọmọ bá fọ àwo mọ́, ìyá rẹ̀ á ní, "O káre." Bí ọmọ náà bá fọ́ àwo, ìyá á wò ó láti òkè dé ilẹ̀, á ní, "O káre o," ọmọ á sì mọ̀ pé pàṣán ń bọ̀. Ẹ wá kọ ọ́ láìfi àmì sí i, bí àwọn ọmọ wa ti ń ṣe lórí fóònù, kí ẹ wò ó bóyá ẹ ó mọ ẹni tó fọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó fọ́. Ní ọjà níbí náà, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé, tí oníṣòwò Háúsá bá dá a lóhùn pé "albarka", lè rò pé àdúrà ni, kí ó máa na ọwọ́ sí ọjà. Owó tó ná kò tó ni wọ́n ń sọ fún un.

Ẹni tó ti jókòó ní ilé kéú mọ ohun tí àwọn olùkọ́ nahawu máa ń sọ nípa Abu al-Aswad ad-Du'ali ará Basra. Ọmọbìnrin rẹ̀ gbójú sókè, ó fẹ́ sọ pé sánmà mà lẹ́wà o. Ó fi damma síbi tó yẹ kí fatha wà, ọ̀rọ̀ náà sì di ìbéèrè: kí ló lẹ́wà jù ní sánmà? Bàbá dáhùn pé ìràwọ̀ ni. Ọmọ ní òun kò béèrè nǹkan, ẹnu ló ya òun. Bàbá tún un ṣe fún un, ó tán. Ohun tó mú kí ó rọrùn ni pé wọ́n jọ wà lójú kan. Irú nǹkan báyìí ni wọ́n ní ó mú kí Abu al-Aswad bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì sí ọ̀rọ̀ Lárúbáwá. Al-Khalil ibn Ahmad ló wá fún àwọn àmì náà ní ìrísí tí à ń fi kọ́ ọmọ lórí wàláà, ní ọ̀rúndún kẹjọ.

Àwọn oníkọ̀ǹpútà náà wá àmì tiwọn. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án 1982, Scott Fahlman, olùkọ́ ní Yunifásítì Carnegie Mellon, dá a lábàá pé kí a máa fi :-) sí ìdí ọ̀rọ̀ àwàdà, nítorí pé àwọn kan ti ka ẹ̀fẹ̀ sí òótọ́ níbẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ẹ ti ń rí ojú ẹ̀rín oríṣìíríṣìí lórí fóònù. Àmì yìí náà kò gbé gbogbo ẹrù. Ojú tó ń rẹ́rìn-ín tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ẹnì kan fi ń ṣeré, ẹlòmíràn gbà á bí ìfiniṣẹ̀sín.

Ohun tí à ń ní kí àwọn ọmọ kíláàsì wa ṣe kò pọ̀. Kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ náà sókè lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tó ń bínú, lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tó ń ṣeré. Bí méjèèjì bá bá a mu, kí wọ́n béèrè kí wọ́n tó fèsì, tàbí kí wọ́n fi ohùn ránṣẹ́, ó ṣe tán fóònù ń gba ohùn. Ẹni tó bá kọ èébú gidi sí bàbá ọlọ́bàbá kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o, ti ìyẹn yé gbogbo wa. Kí ẹni tó bá rí irú rẹ̀ má dá a padà. Kí ó mú un tọ àwọn àgbà ẹgbẹ́ lọ kí ó tó di ọ̀rọ̀ láàrin àwọn òbí.