Ẹ Wádìí Ọkọ̀ Ọpọ́n Bàbá Yín Kí Ẹ Tó Tún Un Ṣe

Ẹ̀yin ìdílé tí ọkọ̀ ọpọ́n àtijọ́ wà ní àgbàlá yín ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ní Ìgbòho, ní Ìṣẹ́yìn àti káàkiri Òkè-Ògùn, ẹ̀yin ni ìkìlọ̀ yìí ń bá wí. Kí ẹ tó pe káfíńtà, kí ẹ tó ra ọ̀dà, kí ẹ tó kan ìṣó kan ṣoṣo mọ́ ọn, ẹ kọ́kọ́ wádìí ìtàn rẹ̀. Ọkọ̀ tí a tún ṣe láìwádìí á dán lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní lè jẹ́rìí nǹkan kan mọ́.

Ilẹ̀ ọ̀dàn ni tiwa, ọkọ̀ kò sì wọ́pọ̀ níbẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ la Odò Ògùn kọjá ní ibi púpọ̀. Nígbà òjò, tí odò bá kún, igbá ńlá ni àwọn òmùwẹ̀ àtijọ́ fi ń gbé èrò àti ẹrù kọjá. Nítorí náà, bí ìdílé kan bá ní ọkọ̀ gbígbẹ́, ó ní ìdí. Ṣé níhìn-ín ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ, bóyá lára igi apá? Ṣé láti ìsàlẹ̀ odò ni wọ́n ti rà á? Àbí àwọn apẹja tó wá sí dáàmù Ikere Gorge nítòsí Ìṣẹ́yìn ló tà á fún bàbá yín? Ó sì lè má jẹ́ ọkọ̀ rárá, kó jẹ́ ọpọ́n tí ẹran ń mumi nínú rẹ̀. Ẹ má fi ìfẹ́ ọkàn dáhùn.

Àwọn kan á ní kí a sáà gbé e fún àwọn onímọ̀, ẹ̀rọ wọn á sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Wọ́n lè fi ọkọ̀ Dufuna ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1987, darandaran Fúlàní kan ń gbẹ́ kànga ní abúlé Dufuna, ní ìpínlẹ̀ tí à ń pè ní Yobe lónìí, ló bá kan igi lábẹ́ ilẹ̀. Ọkọ̀ ọpọ́n ni. Àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Maiduguri àti ti Frankfurt ní Jámánì ló hú u jáde ní 1994. Gígùn rẹ̀ lé ní mítà 8, ọjọ́ orí rẹ̀ sì tó nǹkan bí ọdún 8,000. A kò tíì rí ọkọ̀ tó dàgbà jù ú lọ ní Áfíríkà. Àyẹ̀wò kábọ́ọ̀nù ló fi ọjọ́ orí yẹn hàn. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò kan náà kì í ríran dáadáa lára igi tó hù láàárín nǹkan bí 1650 sí 1950: èsì kan ṣoṣo lè tọ́ka sí ayé Aláàfin Abíọ́dún, kó tún tọ́ka sí ayé àwọn òyìnbó amúnisìn. Ẹlẹ́rìí méjì ló kù fún ọkọ̀ bàbá ńlá yín: ẹnu àwọn àgbà àti àpá ara igi. Ikú ń mú ti àkọ́kọ́ lọ. Ọwọ́ ara wa ni a fi ń pa ìkejì.

Ẹ tètè lọ bá àwọn àgbà. Bí ẹ bá bi ìyá àgbà pé ọdún wo ni wọ́n gbẹ́ ọkọ̀ yìí, kò ní mọ̀ ọ́n. Ẹ bi í bóyá ó ti wà kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà ní oṣù kìíní 1973. Kí mọ́tò tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún ní oṣù kẹrin 1972. Ta ló ń tù ú nígbà ìjà àwọn àgbẹ̀ tí à ń pè ní Àgbẹ́kọ̀yà, ní 1968 sí 1969. Kí ni bàbá rẹ̀ sọ nípa rẹ̀ nígbà tó bá ń ròyìn ogun Òkèihò ti 1916. Ẹ bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹnìkan má baà gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnìkejì, kí ẹ sì fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí oríkì pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé e nìkan: ìdílé tó ṣí kúrò létí odò kan a máa gbé oríkì odò náà lọ síbi tí wọ́n bá tẹ̀dó sí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ wo igi. Ẹ ya fọ́tò inú àti òde rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé e kúrò níbi tó wà, kí ẹ sì wọn gígùn àti ìbú rẹ̀. Ojú àáké, ibi tí iná ti jó, etí tí àjẹ̀ ti gbo, gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀. Ìṣó tí alágbẹ̀dẹ rọ kì í gún régé bí ìṣó ilé-iṣẹ́. Páànù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ lè ṣì ní lẹ́tà lára. Sáńpépà yóò nu púpọ̀ nínú wọn nù ní ọ̀sán kan. Bí irú igi náà kò bá dá yín lójú, àwọn onímọ̀ Forestry Research Institute of Nigeria ní Ìbàdàn lè yẹ ègé kékeré wò.

Ẹ má da ọ́ìlì àlòkù sí i lára nítorí ikán. Ó ń wọnú igi, kì í sì í ṣeé yọ. Ẹ gbé e sórí bíríkì ní ibòji. Bí ó bá jẹ́ pé inú odò tàbí ẹrẹ̀ ni ẹ ti fà á yọ, ẹ má sá a sóòrùn, nítorí yóò sún kì, yóò sì là. Ẹ fi aṣọ tútù bò ó títí onímọ̀ yóò fi dé. Nígbà tí wọ́n gbé ọkọ̀ ogun Vasa jáde lábẹ́ omi ní Sweden ní 1961, ọdún 17 ni wọ́n fi ń wọ́n oògùn sí i lára kó má baà fọ́.

Ọ̀rọ̀ òfin tún wà níbẹ̀. Òfin ọdún 1979 tó dá National Commission for Museums and Monuments sílẹ̀ ka iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wa tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918 mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹni tí àjọ náà kò fọwọ́ sí kò gbọdọ̀ rà á, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gbé e kúrò ní Nàìjíríà láìgbàwé àṣẹ. Nítorí náà, bí ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí bá fi owó lọ̀ yín, ẹ má gbà á. Ẹ fi tó ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní Alẹ́ṣinlóyè, Ìbàdàn, létí. Bí ẹ bá rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú Old Oyo National Park, ẹ má wọ́ ọ wálé. Ẹ sọ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà náà. Ẹ má sì gé igi níbẹ̀ láti fi tún ọkọ̀ ṣe.

Ohun ẹbí ni ọkọ̀ yìí, kì í ṣe ti ẹnìkan. Ẹ jẹ́ kí ẹbí fẹnu kò bóyá ẹ fẹ́ kó padà sínú omi tàbí kó dúró fún ìwòran. Nígbà náà ni kí ẹ tó pe káfíńtà. Ẹ kìlọ̀ fún un kó má yọ abulẹ̀ àtijọ́ kankan láìbéèrè, kó sì kọ ọdún sára gbogbo igi tuntun tó bá fi sí i, kí ọmọ ọmọ yín má baà máa pe iṣẹ́ tiyín ní ti bàbá ńlá.