Ẹ Wọ̀n Ọ́n Kí Ẹ Tó Gé E: Aṣọ Ọmọ àti Ọ̀ṣọ́ Ilé Titun

Ẹ ti mọ bí a ṣe ń ka nọ́ńbà, ẹ sì ti mọ bí a ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀. Lónìí a ó mú nọ́ńbà náà dé ibi abẹ́rẹ́ àti òwú. A ó ṣe aṣọ ojú fèrèsé fún ilé titun. A ó sì rán dàńṣíkí fún ọmọdé.

Àwọn àgbà wa ní, "Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́." Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí aṣọ rí, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ọ̀ṣọ́ ilé rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì yẹ kí owó tí a ń ná rí.

ÌDÍLÉ KAN KÓ WỌ ILÉ TITUN

Ẹ jẹ́ kí a wo ìdílé kan. Bàbá Ìbejì àti Ìyá Ìbejì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ilé wọn parí ni. Ilé náà kò tóbi. Ó ní yàrá méjì, pálọ̀ kan àti fèrèsé mẹ́rin. Páànù orí ilé ti gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó wọn lọ. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n fẹ́ ṣe ìṣílé. Àwọn ẹbí ń bọ̀, àwọn ẹgbẹ́ ń bọ̀. Gbogbo fèrèsé wà láìní aṣọ. Táyé, Kẹ́hìndé àti Ìdòwú àbúrò wọn kò sì ní aṣọ titun kankan.

Bàbá Ìbejì ní, "Ìyá Ìbejì, ojú ń tì mí. N ó lọ yá owó lọ́wọ́ olówó èlé lọ́la. A kò lè gba àlejò sínú ilé báyìí."

Ìyá Ìbejì dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ. Ẹ fún mi ní alẹ́ òní. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo inú àpótí mi."

Ọ̀rọ̀ àgbà ni pé ọmọdé lè ní aṣọ bí àgbà, ṣùgbọ́n kò lè ní àkísà bí àgbà. Ní ìsàlẹ̀ àpótí, Ìyá Ìbejì rí ìró àdìrẹ kan. Ìyá rẹ̀ tí ó ti di olóògbé ni ó fi í sílẹ̀ fún un. Ìbàdàndùn ni orúkọ àdìrẹ náà. Àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó, tí a ṣí ní Ìbàdàn ní ọdún 1929, wà lára rẹ̀. Aró rẹ̀ ti ṣá díẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ náà ṣì le.

Ó gbé e lé àyà. Ó ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé, "Ṣé kí n gé aṣọ ìyá mi? Bí ó bá bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ńkọ́?" Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù náà sì tọ́. Aṣọ tí a bá ti gé kì í padà di odindi mọ́.

Nítorí náà kò mú àlùmọ́gàjí. Téèpù, pẹ́ńsùlù àti ìwé kékeré rẹ̀ ni ó mú.

OHUN TÍ A Ó LÒ

Téèpù ìwọnṣọ, pẹ́ńsùlù àti ìwé, àlùmọ́gàjí tí ó mú dáadáa, abẹ́rẹ́, òwú, pínnì díẹ̀, àti ẹfun tí a ó fi fa ìlà sára aṣọ. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ ìránṣọ, ó dára. Bí ẹ kò bá ní, ọwọ́ yín tó.

Ẹ rántí pé íǹṣì 36 ni ó wà nínú ọ̀pá 1, èyí tí àwọn aláṣọ ń pè ní yáàdì. Bí ó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà ni ó wà lára téèpù yín, íǹṣì 1 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2½, ó lé díẹ̀.

AṢỌ OJÚ FÈRÈSÉ

Ìyá Ìbejì wọn fèrèsé kan. Ibú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 24. Gíga rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 36. Ó wọn àwọn mẹ́ta yòókù, nítorí pé fèrèsé lè jọra lójú kí wọ́n má sì dọ́gba. Àwọn wọ̀nyí dọ́gba. Ó wá kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ báyìí:

Gíga fèrèsé: 36
Èyí tí yóò kọjá fèrèsé lókè: 2
Èyí tí yóò kọjá fèrèsé nísàlẹ̀: 3
Èyí tí a ó ká lókè, kí okùn lè gba inú rẹ̀: 2
Ìṣẹ́tí ìsàlẹ̀: 2
Gbogbo rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 45.

Íǹṣì 45 jẹ́ ọ̀pá 1 àti íǹṣì 9. Èyí nì ọ̀pá 1¼ fún fèrèsé kan.

Ó tún wọn ìró náà. Àwọn aládìrẹ àtijọ́ a máa mú aṣọ méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ̀pá 2½, wọn a sì rán wọn pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kí ó tó di ìró kan. Báyìí gan-an ni ó bá a. Ó rọra tú ojú rírán àárín náà. Aṣọ méjì jáde. Gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ íǹṣì 90, ibú rẹ̀ sì jẹ́ íǹṣì 36.

Ẹ bá wa ṣe ìṣirò náà. Bí a bá gé íǹṣì 90 sí méjì dọ́gba, ọ̀kọ̀ọ̀kan á jẹ́ íǹṣì 45. Aṣọ méjì á di mẹ́rin. Fèrèsé mẹ́rin ni ó wà nínú ilé. Kò ṣẹ́kù, kò sì dín!

Ibú náà ńkọ́? Fèrèsé jẹ́ 24, aṣọ jẹ́ 36. Aṣọ fi ìdajì ju fèrèsé lọ. Èyí ni ó dára, nítorí pé aṣọ fèrèsé gbọ́dọ̀ wọ́ pọ̀ díẹ̀ kí ó tó rẹwà. Bí ibú aṣọ bá ṣe rẹ́gí pẹ̀lú fèrèsé, á nà gbọnrangandan bí aṣọ tí a sá sórí okùn.

Ìgbà tí ó rí i pé ìṣirò náà pé ni ó tó mú àlùmọ́gàjí. Ó gé e lẹ́ẹ̀kan péré ní àárín aṣọ kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n.

Ẹ kíyè sí ohun méjì. Oòrùn a máa mú kí aró ṣá, nítorí náà ẹ kọ ojú tí ó dára jù sí inú ilé. Ẹ má sì fọ àdìrẹ pọ̀ mọ́ aṣọ funfun, kí aró má baà ràn án.

DÀŃṢÍKÍ ỌMỌDÉ

Ìyá Ìbejì ra ánkárá ọ̀pá 1. Ó kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi, ó sì sá a sí ibòji. Aṣọ òwú lè sún kì nígbà tí omi bá kọ́kọ́ kàn án. Ó sàn kí ó sún kì kí a tó rán an ju kí ó sún kì sí ọmọ lára.

Ó pe Táyé. Ó fi téèpù yí àyà rẹ̀ ká: íǹṣì 21. Ó wọ̀n ọ́n láti èjìká dé itan: íǹṣì 16. Ó fi téèpù yí orí rẹ̀ ká lókè etí: íǹṣì 20. Ó kọ ọ́ báyìí:

Ìdajì àyà: 10½
Àyè tí ọmọ yóò fi mí, tí yóò fi sáré: 2½
Ojú rírán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì: 1
Ibú aṣọ jẹ́ íǹṣì 14.

Gígùn láti èjìká: 16
Ìṣẹ́tí: 2
Iwájú jẹ́ 18, ẹ̀yìn jẹ́ 18. Gígùn aṣọ jẹ́ íǹṣì 36, èyí nì ọ̀pá 1.

Ibú ánkárá náà jẹ́ íǹṣì 45. Ìlọ́po 14 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 42. Nítorí náà dàńṣíkí mẹ́ta ni yóò jáde nínú ọ̀pá kan: ti Táyé, ti Kẹ́hìndé àti ti Ìdòwú. Íǹṣì 3 tí ó ṣẹ́kù á di àpò kékeré sí iwájú aṣọ. Ti Ìdòwú á kéré sí i, nítorí pé Ìdòwú kéré sí wọn. Bí aṣọ bá ti fi íǹṣì 1 sún kì, ẹ mú un kúrò nínú ìṣẹ́tí.

Bí a ṣe ń rán an nìyí:

1. Ẹ ká aṣọ náà sí méjì, kí iwájú àti ẹ̀yìn dọ́gba. Ibi tí ó ká ni èjìká. Bí àwòrán ẹyẹ tàbí ènìyàn bá wà lára aṣọ, ẹ mọ̀ pé yóò dorí kodò lẹ́yìn. Irú aṣọ tí àwòrán rẹ̀ kò ní òkè tàbí ìsàlẹ̀ ni ó yẹ dàńṣíkí.

2. Ẹ fi ẹfun sàmì sí àárín èjìká. Ẹ wọn íǹṣì 2½ sí ọ̀tún àti 2½ sí òsì. Ẹ fa ìlà roboto tí yóò wọlẹ̀ ní íǹṣì 2 ní iwájú, àti ìdajì íǹṣì ní ẹ̀yìn. Èyí ni ọrùn.

3. Ẹ gé ọrùn náà. Lẹ́yìn náà ẹ la iwájú wálẹ̀ ní íǹṣì 4.

4. Ẹ fi téèpù tọ etí ihò náà yíká, pẹ̀lú ibi tí ẹ là. Ó gbọ́dọ̀ tó ìwọ̀n orí ọmọ. Bí kò bá tó, ẹ fi díẹ̀ kún ibi tí ẹ là.

5. Ẹ ká etí ọrùn sínú tín-ín-rín, kí ẹ sì rán an. Ẹ lẹ aṣọ kékeré mọ́ ìsàlẹ̀ ibi tí ẹ là, kí ó má baà ya síwájú.

6. Ẹ dojú aṣọ délẹ̀. Láti èjìká, ẹ fi íǹṣì 6 sílẹ̀ fún apá. Ẹ wá rán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ dúró nígbà tí ó bá ku íǹṣì 3 kí ẹ dé ìsàlẹ̀, kí ẹsẹ̀ ọmọ lè rí àyè. Bí ọwọ́ ni ẹ fi ń rán an, ẹ máa dá abẹ́rẹ́ padà sẹ́yìn díẹ̀ kí ẹ tó tún gbé e síwájú. Irú rírán yìí kì í tú bọ̀rọ̀.

7. Ẹ ká etí apá, kí ẹ sì ká ìṣẹ́tí. Ẹ má gé ìṣẹ́tí náà kúrò láé. Ọmọ ń dàgbà, aṣọ kì í dàgbà. Ní ọdún tí ń bọ̀ ẹ ó tú u, aṣọ á sì tún gùn sí i.

Fún ọmọ ọwọ́, ẹ má fi okùn sí ọrùn aṣọ, ẹ má sì lo bọ́tìnì tí ó lè já. Okùn lè fún un lọ́rùn. Bọ́tìnì lè há a ní ọ̀fun.

ÀṢÌṢE TÀWA

Ẹ má rò pé a kò ṣe àṣìṣe rí. Dàńṣíkí tí àwa kọ́kọ́ rán, ojú lásán ni a fi wọ̀n ọ́n. A wo ọrùn ọmọ, a gé ihò tí ó tó ọrùn. Ó rẹwà lórí tábìlì. Nígbà tí ó di pé kí ọmọ wọ̀ ọ́, orí kò wọlé! A tì í, a fà á, ọmọ bú sẹ́kún. A fi ìbínú la ihò náà, ó sì ya dé ikùn. Aṣọ lọ, owó lọ.

Láti ọjọ́ náà ni a ti mọ̀ pé orí ni a ń wọ̀n, kì í ṣe ọrùn. A sì mọ̀ pé a lè fi kún ihò, ṣùgbọ́n a kò lè dín in kù.

Ọ̀ṢỌ́ TÍ KÒ GBA OWÓ

Ìmọ́tótó ni ọ̀ṣọ́ àkọ́kọ́. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa kí ẹ tó kùn ún, kí ọ̀dà má baà bó. Àwọ̀ tí ó mọ́lẹ̀ dára fún yàrá kékeré, nítorí ó ń mú kí yàrá náà tàn. Àkísà tí ó mọ́ lè wọ inú tìmùtìmù. Ẹní titun kan dára ju àga mẹ́fà tí a jẹ gbèsè rà lọ. Ẹ sì lè lẹ ìwé tí ọmọ yín fi kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ògiri. Kò sí àlejò tí kò ní kà á.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé àtùpà, àbẹ́là tàbí sítóòfù sí ẹ̀bá aṣọ fèrèsé. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ ti tó láti gbé aṣọ bá iná, ilé titun á sì jóná.

ỌJỌ́ ÌṢÍLÉ

Ọjọ́ Sátidé pé. Táyé, Kẹ́hìndé àti Ìdòwú wọ ánkárá kan náà, wọ́n ń sáré káàkiri. Bàbá Ìbejì kò lọ sọ́dọ̀ olówó èlé mọ́.

Àbúrò ìyá Ìyá Ìbejì wọlé. Bí ó ti jókòó, ó wo fèrèsé. Ó dìde, ó lọ di aṣọ náà mú. Ó ní, "Àbí ojú mi ni? Aṣọ ẹ̀gbọ́n mi nìyí!"

Ìyá Ìbejì kúnlẹ̀. Ó ní, "Òun ni, Ìyá mi. Ẹ má bínú pé mo gé e."

Ìyá àgbà náà ní, "Kí ni n ó bínú sí? Inú àpótí ni ó ti wà tẹ́lẹ̀. Ní báyìí ó ti ń kí wa káàbọ̀."

Ẹ DÁHÙN ÀWỌN ÌBÉÈRÈ WỌ̀NYÍ

1. Íǹṣì mélòó ni ó wà nínú ọ̀pá 1¼?
2. Kí ni ìdí rẹ̀ tí a fi ń wọn orí ọmọ kí a tó gé ọrùn aṣọ?
3. Kí ni ìdí rẹ̀ tí a kò fi gbọ́dọ̀ gé ìṣẹ́tí kúrò?
4. Fèrèsé kan ga ní íǹṣì 40. Ọ̀nà tí Ìyá Ìbejì gbà ni kí ẹ gbà. Íǹṣì mélòó ni gígùn aṣọ rẹ̀ yóò jẹ́?

IṢẸ́ ILÉ: Ẹ wọn fèrèsé kan nínú ilé yín àti ọmọ kan. Ẹ kọ ìwọ̀n wọn sínú ìwé yín, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ wọ̀n wọ́n. Ẹ mú ìwé náà wá ní ìpàdé tí ń bọ̀. Ẹ má tíì mú àlùmọ́gàjí o!