Awò Orí Ìbọn: Bí Ọdẹ Ṣe Ń Mú Un Bá Ọta Mu

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kí àkókò ọdẹ àgbọ̀nrín tó dé, ọdẹ tí ó gbọ́n a kọ́kọ́ gbé ìbọn rẹ̀ lọ sí pápá ìyìnbọn. Awò tí ń mú ohun òkèèrè súnmọ́ ojú wà lórí ìbọn náà, ṣùgbọ́n ibi tí awò ń wò lè má jẹ́ ibi tí ọta ń lọ. Ọta tí ó bá fi ínṣì 3 yà sí ẹ̀gbẹ́ ní 100 yáàdì yóò fi 6 yà ní 200. Dípò ọkàn, ìfun ni yóò bà, ẹran yóò sì sá lọ jẹ̀rora kú nínú igbó.

Ọdẹ a gbé ìbọn lé àpò iyanrìn, a yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí ojú àmì kan láti 25 yáàdì, a sì fi àárín ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe ìwọ̀n. Ẹni tí ń yí awò lẹ́yìn ọta kọ̀ọ̀kan, gbígbọ̀n ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó ń lé kiri, owó ọta kò sì kéré.

Bí a ti ń yí ohun ìyípo ara awò, yóò máa dún "kẹ́". Lórí ọ̀pọ̀ awò ibẹ̀, kẹ́ 1 a sún ọta ní ìdámẹ́rin ínṣì ní 100 yáàdì. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ nìyí: ní 25 yáàdì, ìdámẹ́rin ìyẹn péré ni. Bí ọta bá fi ínṣì 2 lọ sílẹ̀, kẹ́ 8 ni àtúnṣe rẹ̀ ní 100 yáàdì, ṣùgbọ́n 32 ni ní 25.

Lẹ́yìn èyí ni ọdẹ yóò sún sẹ́yìn sí 100 yáàdì, tí yóò sì tún yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí ìbọn bá ṣubú, tàbí bí a bá pààrọ̀ irú ọta, iṣẹ́ di àkọ̀tun.