Àpótí Iná Kékeré fún Rédíò, àti Bí A Ti Í Yàn Án

Rédíò tí a fi ń gbọ́ ìròyìn kò ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ṣùgbọ́n irú rédíò mìíràn wà tí ẹni tí ó ni ín lè fi gbọ́ ọ̀rọ̀, tí ó sì lè fi fèsì fún ẹni tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn réré, kì í ṣe nítorí èrè, bí kò ṣe nítorí ìfẹ́ ẹ̀kọ́ àti ìrànlọ́wọ́ ọmọnìkejì. Àwọn olùfẹ́ rédíò ni à ń pe àwọn tí ń ṣe é. Ní Nàìjíríà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi irú rédíò bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ láìkọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ ìjọba tí a mọ̀ sí NCC. Àmì 5N ni orúkọ ìpè wọn fi ń bẹ̀rẹ̀. Kí orílẹ̀-èdè wa tó gba òmìnira ní 1960, ZD2 ni.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ irú rédíò yìí bá dé etí àwa tí a ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, rédíò fúnra rẹ̀ nìkan ni ọkàn wa ń lọ sí. A kì í rò nípa ohun tí yóò máa bọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni, bí ìjì bá wó òpó ní alẹ́ kan, tí tẹlifóònù kò sì gbé ohùn mọ́, tí a sì nílò láti ránṣẹ́ nítorí aláìsàn, rédíò tí oúnjẹ rẹ̀ kò dára kò sàn ju àpótí òfìfo lọ. Nítorí náà, a fẹ́ kí ẹ̀kọ́ yìí jẹ́ lórí àpótí iná kékeré, èyí tí àwọn alátùn-únṣe rédíò ń pè ní pawa sọ́pùláì. Ìlú Ìgàngàn, ọ̀kan nínú ìlú méje Ìbàràpá, ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ wa.

Kí ni iṣẹ́ àpótí yìí? Iná tí ń bẹ lórí òpó ní ilẹ̀ wa jẹ́ 230 fóòtì, ó sì ń lọ, ó ń bọ̀, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Rédíò àwọn olùfẹ́ rédíò kò lè jẹ irú oúnjẹ líle bẹ́ẹ̀. Iná ọ̀nà kan, tí kì í lọ tí kì í bọ̀, ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ń fẹ́, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ 13.8 fóòtì. Ìdí tí ó fi jẹ́ 13.8 ni pé a ṣe wọn láti máa bá bátìrì ọkọ̀ ṣiṣẹ́, àti pé ìwọ̀n tí a fi ń tọ́jú irú bátìrì bẹ́ẹ̀ kí ó lè máa kún ni èyí. Ẹ kíyèsí i, nítorí náà, pé agbára kọ́ ni a ń rà nígbà tí a bá ra àpótí iná. Agbára ti wà lórí òpó, ó tó láti pa ènìyàn. Ìkóníjàánu ni a ń rà.

Ẹ̀yà mẹ́rin ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Èkínní ni tiransifọ́mà, tí ń sọ fóòtì púpọ̀ di díẹ̀. Michael Faraday ni ó fi ìdí ẹ̀kọ́ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1831. Èkejì ni dáyóòdù, tí ó dàbí ìlẹ̀kùn tí ń ṣí sí ìhà kan ṣoṣo, tí iná kò fi lè padà sẹ́yìn. John Ambrose Fleming ṣe irú kan tí ó jẹ́ gíláàsì ní 1904. Ẹ̀kẹta ni kapásítọ̀, tí ń gba iná pamọ́ bí ìkòkò ti ń gba omi òjò, kí ó má bàa sí àlàfo láàárín ọ̀wààrà kan àti èkejì. Ẹ̀kẹrin ni ẹ̀yà tí ń dì í mú sí 13.8 gan-an, tí kì í jẹ́ kí ó gòkè tàbí kí ó sọ̀kalẹ̀.

Ó yẹ kí a tún ìṣìnà kan ṣe níhìn-ín, nítorí ó wọ́pọ̀. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí àpótí bá lè pèsè 30 áńpù, yóò jó rédíò tí kò nílò ju 3 lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fi àmù ṣe àpẹẹrẹ. Bí a bá gbé àmù sórí pẹpẹ gíga, tí a sì dá ihò sí ìdí rẹ̀, omi yóò fi ipá tú jáde; gíga pẹpẹ náà ni fóòtì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bu ife kan nínú àmù ńlá kò mu ju ife kan lọ. Iye tí a bù ni áńpù. Fóòtì tí ó pọ̀ jù ni ó ń ba rédíò jẹ́. Áńpù, rédíò ni ó ń bu ìwọ̀n tí ó tó o.

Síbẹ̀, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Rédíò ńlá tí ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú 100 wáàtì a máa gba nǹkan bí 20 áńpù nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀. Bí a bá fi 20 sọ 13.8 di púpọ̀, a ó rí 276 wáàtì. Ṣùgbọ́n rédíò kékeré oní 5 wáàtì kì í sábà ju 2 tàbí 3 áńpù lọ, àpótí oní 3 áńpù a sì máa tó o. Èyí ni a gbà pé ó yẹ olùkọ́ tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ìlú tí ó jìnnà sí ibi tí iná ti ń wá, bí ọ̀pọ̀ ìlú Ìbàràpá ti rí, fóòtì orí òpó a máa sọ̀kalẹ̀ nígbà tí gbogbo ilé bá tan iná lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní tiransifọ́mà wa ń sọ 230 di 18. Ṣónṣó orí 18 náà jẹ́ nǹkan bí 25.5, dáyóòdù méjì a mú nǹkan bí 1.4 kúrò, yóò ku 24. Bí kapásítọ̀ bá jẹ́ 10,000 máíkírò-fárádì, tí rédíò sì ń bu 3 áńpù, iná inú rẹ̀ yóò máa rọ̀ sí 21 láàárín ọ̀wààrà méjì. Èyí ju 13.8 lọ dáadáa, kò sí ewu. Ṣùgbọ́n bí òpó bá sọ̀kalẹ̀ sí 160 fóòtì ní Ìgàngàn ní alẹ́, 24 yẹn yóò di nǹkan bí 16.3, yóò sì máa rọ̀ sí 13.3. Kò tó mọ́. Nígbà tí a bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀, tí rédíò kò bu ju ìlàjì áńpù lọ, ohun gbogbo yóò dára. Ṣùgbọ́n ní kété tí a bá tẹ bọ́tìnì láti fèsì, ohùn wa yóò máa kùn bí oyin, ẹni tí ń gbọ́ wa kì yóò sì mọ ohun tí a wí. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi gbígbọ́ nìkan dán àpótí iná wò. Ẹ dán an wò nígbà tí rédíò bá ń ru ẹrù rẹ̀ tí ó wúwo jù lọ, ní wákàtí tí iná ìlú kéré jù lọ.

Irú àpótí mìíràn wà tí kò wúwo, tí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ lè jẹ iná láti 100 dé 240 fóòtì. Ó dára fún irú ilé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òmíràn nínú wọn a máa pariwo sínú rédíò. Kí a tó san owó rẹ̀, kí a fi bátìrì tan rédíò síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti sọ̀rọ̀, kí a gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà kí a fi àpótí náà tàn án. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni àléébù rẹ̀.

Ewu méjì ni kí a ṣọ́ra fún. Bí ẹ̀yà kẹrin bá bàjẹ́, 24 fóòtì lè ya lu rédíò kí ó sì jó o. Nítorí náà, kí a yan àpótí tí ó ní ohun tí yóò já fíúsì bí iná bá ti fẹ́ kọjá nǹkan bí 15. Èkejì ni ẹ̀mí ara wa. Kí a má ṣe ṣí àpótí nígbà tí wáyà rẹ̀ wà lára ògiri. Kí a sì rántí pé kapásítọ̀ lè di iná mú lẹ́yìn tí a ti yọ wáyà.

Ní ìparí, kí àpótí iná má ṣe dá wà. Bí a bá fi bátìrì tì í, rédíò kì yóò kú nígbà tí òpó bá kú. Ṣùgbọ́n kí fíúsì wà lẹ́bàá bátìrì gan-an, kí atẹ́gùn sì máa fẹ́ síbẹ̀. Bí àpótí kò bá sì ní ohun tí ń dín áńpù kù, kí a má ṣe so bátìrì tí ó ti gbẹ mọ́ ọn, nítorí yóò bù ju ohun tí àpótí lè pèsè lọ.

Iṣẹ́ fún kíláàsì: Bátìrì kan lè pèsè áńpù kan fún wákàtí 7. Rédíò ń bu ìlàjì áńpù nígbà tí a bá ń gbọ́ ọ. Bí a kò bá fẹ́ lò ju ìdajì bátìrì náà lọ, kí ó lè pẹ́ lọ́wọ́ wa, wákàtí mélòó ni a lè fi gbọ́ ọ̀rọ̀? Ìdáhùn ni wákàtí 7. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan fi ìṣirò hàn bí a ti rí i, kí ó sì sọ ìdí tí wákàtí náà yóò fi dín kù bí a bá ń fèsì.