Sí Ẹ̀yin Ọmọ Jórinjórin

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má fojú kéré èèpo kékeré tó bo ẹlẹ́kítíróòdù lára. Oscar Kjellberg ará Sweden, tó dá ilé-iṣẹ́ ESAB sílẹ̀ lọ́dún 1904, ló gbé e jáde. Bó bá ń jó, èéfín rẹ̀ a máa lé afẹ́fẹ́ sẹ́yìn kí ojú irin má baà ní ihò. Ẹlẹ́kítíróòdù tó ti fa omi, ẹ má fi jó géètì oníbàárà.

Dígí òòrùn kọ́ ni ìbòjú o! Bí ẹ bá fi dígí òòrùn jórin, tó bá dalẹ́, ojú á máa ta yín bíi pé iyanrìn wọ̀ ọ́. Páìpù tí wọ́n fi síńkì bò, ìta gbangba ni kí ẹ ti jó o. Èéfín rẹ̀ ń fa ibà. Ẹni tó bá ráyè, kó kọ́ ọ̀nà ìjórin tí wọ́n ń pè ní TIG kún un.